Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Nọ́ńbà Tí Ẹ Fúnra Yín Kó Jọ Dánra Wò Nínú Ìpíndọ́gba, Iye Àárín àti Iye Tó Wọ́pọ̀ Jù

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti dé kíláàsì àgbà nílé ẹ̀kọ́ girama, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì tó sì bá statistics lára àwọn ẹ̀kọ́ tó pọn dandan fún un, kò lè ṣàì pàdé mean, median àti mode, tí a ó máa pè ní ìpíndọ́gba, iye àárín àti iye tó wọ́pọ̀ jù nínú àlàyé yìí. Ohun tí mo ń rí lára àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní ìṣirò nírọ̀lẹ́ nílùú Ilé-Ifẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ wọn lè ka ìlànà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí bí ẹni ń ki oríkì, ṣùgbọ́n tí mo bá yí nọ́ńbà kan ṣoṣo padà nínú ìbéèrè, wọn a tún iṣẹ́ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, nítorí pé wọn kò lè sọ èyí tí yóò yí padà nínú ìdáhùn wọn àti èyí tí kò ní mira rárá. Ìdí nìyẹn tí ìdánrawò tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín fi dá lórí nọ́ńbà díẹ̀ tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kó jọ, tí ẹ ó ṣírò lórí ìwé, tí ẹ ó sì máa yí padà lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ lè fojú ara yín rí ohun tí ìyípadà kọ̀ọ̀kan ń fà.

Ẹ kọ́kọ́ gbé ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kì í ṣe pé kò wúlò, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ibi tí nọ́ńbà ti wá kì í tètè mọ̀ bí ìdáhùn rẹ̀ bá ti ṣìnà. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin inú ọjà, tó béèrè iye tí wọ́n ń ta kóńgò gààrí kan lọ́wọ́ ìyá onígààrí mẹ́sàn-án, tí ìṣirò rẹ̀ wá sọ fún un pé ìpíndọ́gba owó náà ju iye tí ẹni tó ń tà á wọ́n jù lọ pè é, kò nílò olùkọ́ kó tó mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́ níbì kan. Ẹ lè kọ iye owó gààrí sílẹ̀, tàbí iye oúnjẹ tí ẹ rà lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, tàbí iye wákàtí tí iná mànàmáná fi wà ládùúgbò yín. Kí iye nọ́ńbà tí ẹ kó jọ má ṣe ju mọ́kànlá lọ, kí ó sì jẹ́ 7, 9 tàbí 11 ní ìbẹ̀rẹ̀, kí iye àárín má baà dá wàhálà kejì sílẹ̀ kí ẹ tó mọ àkọ́kọ́ ṣe. Bí nọ́ńbà bá ṣe wá sí yín lọ́wọ́ ni kí ẹ ṣe kọ ọ́. Ẹ má tíì tò ó.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ kan máa ń wọ kòròpé láti Lágere lọ sí ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó sì kọ iye ìṣẹ́jú tó fi jókòó de ọkọ̀ kó tó kún ní òwúrọ̀ mẹ́sàn-án. Báyìí ni ó ṣe kọ ọ́: 7, 4, 11, 5, 4, 9, 6, 4, 13.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ìṣirò kankan, ẹ wo nọ́ńbà wọ̀nyí, kí ẹ sì fi bírò kọ ohun tí ẹ rò pé ìdáhùn kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ sí etí ìwé. Mo sọ bírò nítorí pé pẹ́ńsùlù máa ń jẹ́ kí èèyàn pa àbá rẹ̀ rẹ́ nígbà tí ìdáhùn bá jáde, nígbà tó sì jẹ́ pé àlàfo tó wà láàárín àbá àti ìdáhùn gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Òfin kan ṣoṣo ni àbá yìí ní: kò gbọdọ̀ kéré sí 4, kò sì gbọdọ̀ ju 13 lọ, nítorí pé kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó lè bọ́ síta nọ́ńbà tó kéré jù àti èyí tó tóbi jù.

Ìpíndọ́gba ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, yóò fún yín ní 63. Ẹ pín in sí 9, ó di 7. Ẹni tó bá ń lo ẹ̀rọ ìṣirò gbọ́dọ̀ ṣọ́ra níhìn-ín, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti máa ń rí àṣìṣe jù. Tí ẹ bá tẹ 7+4+11+5+4+9+6+4+13÷9 léraléra láìdúró, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìṣirò ilé ẹ̀kọ́ àti ti orí fóònù yóò kọ́kọ́ pín 13 nìkan sí 9, wọn yóò wá ro 50 tó kù mọ́ ọn, wọn yóò sì gbé 51.44 síwájú yín. Kò sí òwúrọ̀ kankan tí akẹ́kọ̀ọ́ yìí dúró ju ìṣẹ́jú 13 lọ, síbẹ̀ mo ti rí ẹni tó fa ìlà méjì sábẹ́ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ tó sì ṣí ojú ìwé tó kàn. Ẹ tẹ àmì ìdọ́gba lẹ́yìn ìròpọ̀ kí ẹ tó pín, tàbí kí ẹ fi àmì akọ́mọ ká gbogbo ohun tí ẹ ń rò pọ̀.

Ọ̀nà kan wà láti yẹ ìpíndọ́gba wò, èmi a sì máa fi dandan lé e fún àwọn ọmọ mi títí yóò fi mọ́ wọn lára. Ẹ yọ 7 kúrò nínú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ohun tó ṣẹ́kù pẹ̀lú àmì rẹ̀: 0, −3, 4, −2, −3, 2, −1, −3, 6. Àwọn tó ju ìpíndọ́gba lọ fi 4, 2 àti 6 jù ú, èyí tí àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12. Àwọn tó kéré sí i fi 3, 2, 3, 1 àti 3 kéré, àròpọ̀ tiwọn náà sì jẹ́ 12. Bẹ́ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ rí nígbà gbogbo. Bí ìhà méjèèjì kò bá pé ara wọn, tí ẹ kò sì gé ìdáhùn kù sí nọ́ńbà díẹ̀ lẹ́yìn àmì ìdásí (decimal point), á jẹ́ pé ìròpọ̀ tàbí ìpín yín ni kò gún.

Iye àárín ló kàn, tíyẹn kò sì nílò ìròpọ̀ kankan, bí kò ṣe sùúrù. Ẹ tún nọ́ńbà náà kọ láti kékeré dé ńlá: 4, 4, 4, 5, 6, 7, 9, 11, 13. Ẹ kà á, kó lè dá yín lójú pé mẹ́sàn-án ṣì ni, nítorí pé ibi títò ni nọ́ńbà ti máa ń sọnù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi 1 kún iye wọn, kí ẹ pín in sí 2: 9 àti 1 jẹ́ 10, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 5. Nọ́ńbà 5 yìí kì í ṣe ìdáhùn. Ipò ni, ó ń sọ fún yín pé ẹni karùn-ún lórí ìlà ni kí ẹ mú, ẹni náà sì ni 6. Nọ́ńbà mẹ́rin wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, mẹ́rin wà lọ́wọ́ ọ̀tún.

Àwọn kan máa ń rò pé nígbà tí 4 ti jẹyọ lẹ́ẹ̀kan, kò sídìí láti tún un kọ. Wọn a wá kọ 4, 5, 6, 7, 9, 11, 13, wọn a mú 7. Ohun tó mú kí àṣìṣe yìí burú ni pé ìpíndọ́gba tiwa náà jẹ́ 7, nítorí náà ìdáhùn méjèèjì yóò dọ́gba, ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì balẹ̀ lórí ohun tí kò tọ́. Òwúrọ̀ mẹ́ta ni ó fi dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ipò tirẹ̀ lórí ìlà.

Tí iye nọ́ńbà bá ṣeé pín sí méjì géérégé, kò ní sí ẹnì kan ṣoṣo láàárín. Ẹ fi òwúrọ̀ kẹwàá kún ti àkọ́kọ́, kó jẹ́ ìṣẹ́jú 8. Ìlà náà di 4, 4, 4, 5, 6, 7, 8, 9, 11, 13. Ipò wá jẹ́ 5.5, ìyẹn ni pé àárín ẹni karùn-ún àti ẹni kẹfà la wà. Ẹ ro 6 àti 7 pọ̀, ẹ pín in sí 2, kí ẹ kọ 6.5. Kò burú bí kò bá sí 6.5 nínú àwọn nọ́ńbà tí ẹ kó jọ.

Iye tó wọ́pọ̀ jù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: 4 ni, nítorí pé ìgbà mẹ́ta ló jẹyọ, kò sì sí òmíràn tó jẹyọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí nọ́ńbà méjì bá jùmọ̀ gba ipò kìíní, ẹ kọ méjèèjì; ẹ má ṣe pín wọn sí méjì bí ẹ ti ṣe fún iye àárín. Bí gbogbo wọn bá jẹyọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ pé kò sí, ẹ má kọ 0, nítorí pé nọ́ńbà gidi ni 0, ó sì lè jẹ́ ìdáhùn fúnra rẹ̀.

Ibi tí ìdánrawò gan-an ti bẹ̀rẹ̀ la dé yìí. Ẹ padà sí nọ́ńbà mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, kí ẹ mú 13, kí ẹ sọ ọ́ di 40, bí ẹni pé òjò ńlá rọ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn tí ọkọ̀ kò sì kún. Ẹ má tíì ṣírò. Ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀: èwo ni yóò yí, èwo ni kò ní yí? Nígbà tí ẹ bá wá ṣírò, ẹ ó rí i pé àròpọ̀ di 90, ìpíndọ́gba sì fò láti 7 sí 10; iye àárín dúró sórí 6, iye tó wọ́pọ̀ jù kò sì kúrò lórí 4. Iye àárín kò bìkítà bí ẹni tó wà lópin ìlà ṣe ga tó, níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà lópin ìlà. Ẹ tún wo 10 tó jáde yìí dáadáa: òwúrọ̀ méje nínú mẹ́sàn-án ni kò tó ìṣẹ́jú 10 rárá. Òjò ọjọ́ kan ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ dá 13 padà sáyè rẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan nínú 4 mẹ́ta, kí ẹ sọ ọ́ di 5. Ìpíndọ́gba yóò sún díẹ̀, ó di 64 tí a pín sí 9, ìyẹn 7.11; iye àárín kò mira; ṣùgbọ́n iye tó wọ́pọ̀ jù ti di méjì, 4 àti 5, láti ara ìyípadà ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Ẹ tún dá ìyẹn náà padà, kí ẹ sọ 6 di 8. Ní báyìí, iye àárín gbéra, ó di 7, ṣùgbọ́n kì í ṣe 8. Ẹni tó bá sọ pé 8 kò rántí tún ìlà tò, nítorí pé 8 ti fo 7 kọjá. Níkẹyìn, ẹ fi 5 kún gbogbo nọ́ńbà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, bí ẹni pé aago akẹ́kọ̀ọ́ náà ń jẹ ìṣẹ́jú márùn-ún lójoojúmọ́. Ẹni tó bá lè sọ ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìmú bírò, pé wọ́n di 12, 11 àti 9, ti mọ ohun tó ń ṣe. Lójú tèmi, wákàtí kan tí ẹ bá lò lórí irú ìyípadà báyìí dára ju kí ẹ ṣe ogún ìbéèrè tó jọra láti inú ìwé.

Èwo wá ni ká lò? Ọ̀pọ̀ ìwé máa ń sọ pé iye àárín ló yẹ nígbà tí nọ́ńbà kan bá ga ju àwọn yòókù lọ púpọ̀, òótọ́ sì ni. Tí alágbàtà ilé bá sọ fún ọmọ yunifásítì pé ìpíndọ́gba owó yàrá ládùúgbò kan jẹ́ ₦300,000, ó lè jẹ́ pé yàrá méje tó ní lọ́wọ́ jẹ́ ₦150,000, ₦160,000, ₦180,000, ₦180,000, ₦200,000, ₦230,000 àti ọ̀kan tó jẹ́ mílíọ̀nù kan. Kò purọ́, ẹ ṣírò rẹ̀ wò; ṣùgbọ́n iye àárín, ₦180,000, ló sún mọ́ ohun tí ọmọ náà máa bá pàdé. Síbẹ̀, ẹ má torí èyí sọ ìpíndọ́gba di ohun tí kò wúlò. Tí akẹ́kọ̀ọ́ kòròpé wa bá fẹ́ mọ iye ìṣẹ́jú tó ti bá a lọ lápapọ̀, 7 lọ́nà 9 yóò dá 63 rẹ̀ padà fún un pérépéré, nígbà tí 6 lọ́nà 9 yóò sọ pé 54. Ohunkóhun tó bá kan àpapọ̀, bí owó oúnjẹ oṣù tàbí epo tí ẹ̀rọ amúnáwá ń mu, ìpíndọ́gba ló ni ín. Ìyá tó ń ta bàtà òkìrìkà ní tirẹ̀ kò ní ohun tó fẹ́ fi ìpíndọ́gba 41.3 ṣe, nítorí pé kò sí bàtà 41.3; ìwọ̀n tí wọ́n ń béèrè jù, ìyẹn iye tó wọ́pọ̀ jù, ni kó lọ kó wá.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn láti sọ fún àwọn tó ti pinnu pé iye àárín ló máa ń borí. Ní 1906, níbi ìpàtẹ ẹran ọ̀sìn kan nílùú Plymouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní kí àwọn èèyàn fojú díwọ̀n bí màlúù kan yóò ti wúwo tó lẹ́yìn tí wọ́n bá pa á tí wọ́n sì tún un ṣe tán. Francis Galton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àbá 787 tó ṣeé kà, ó tò wọ́n, ó sì mú iye àárín, nítorí pé kò fẹ́ kí àbá ẹni tó kàn ń sọ ìsọkúsọ da gbogbo rẹ̀ rú. Iye àárín náà jẹ́ pọ́n-ùn 1,207, nígbà tí ẹran náà wúwo tó pọ́n-ùn 1,198. Ìpíndọ́gba àwọn àbá kan náà jẹ́ 1,197.

Lẹ́yìn tí nọ́ńbà kékeré bá ti mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ bọ́ sórí àtẹ, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè ìdánwò WAEC ṣe sábà máa ń wá. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ogún akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìdánwò kékeré tí máàkì rẹ̀ jẹ́ 10: ẹni 2 gba 4, ẹni 3 gba 5, ẹni 7 gba 6, ẹni 4 gba 7, ẹni 3 gba 8, ẹni 1 sì gba 9. Ẹ fa àtẹ náà sórí ìwé, kí ẹ sì fi ìlà kẹta kún un fún máàkì lọ́nà iye èèyàn: 8, 15, 42, 28, 24, 9. Àròpọ̀ ìlà yìí jẹ́ 126. Ẹ pín in sí 20, ìpíndọ́gba jẹ́ 6.3. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni pé wọn a ro 4, 5, 6, 7, 8 àti 9 pọ̀, wọn a pín 39 sí 6, wọn a ní 6.5. Ó sún mọ́ ìdáhùn débi pé kò ní ta ẹnikẹ́ni lólobó, ìyẹn ni mo ṣe máa ń ní kí àwọn ọmọ tún àtẹ náà ṣe pẹ̀lú ẹni 15 tó gba 4, kí ẹnì kan ṣoṣo sì gba ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú máàkì márùn-ún tó kù, ìyẹn 5, 6, 7, 8 àti 9. Ìdáhùn òdì náà kò ní kúrò lórí 6.5, ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba gidi ti di 95 tí a pín sí 20, ìyẹn 4.75.

Fún iye àárín àtẹ àkọ́kọ́, ẹ máa ro iye èèyàn pọ̀ bí ẹ ti ń lọ: 2, 5, 12, 16, 19, 20. Ẹni kẹwàá àti ẹni kọkànlá la ń wá. Àwọn méjèèjì ti wọ inú 12, nítorí náà 6 ni wọ́n gbà. Iye tó wọ́pọ̀ jù náà jẹ́ 6. Ẹni tó bá kọ 7 ti kọ iye èèyàn dípò máàkì tí wọ́n gbà, ó sì yẹ kó padà ka orí àtẹ náà sókè ketekete. Kíkà sókè yìí wúlò ju bó ṣe dà bí lọ, pàápàá tó bá jẹ́ ní èdè abínibí: "ẹni méje ló gba máàkì mẹ́fà" kò ṣeé túmọ̀ sódì. Nílùú Ilé-Ifẹ̀ yìí náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní 1970, nínú èyí tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn.

Àtẹ tó ní ìsọ̀rí, bíi 20 sí 29 àti 30 sí 39, kò yàtọ̀ púpọ̀. Ẹ mú àárín ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, 24.5 àti 34.5, kí ẹ lò ó bí máàkì, kí ẹ sì rántí pé ìdíwọ̀n ni ìdáhùn yín, nítorí pé a kò mọ nọ́ńbà gidi tó wà nínú ìsọ̀rí náà. Ẹ má fọwọ́ kàn án kí àtẹ lásán tó rọ̀ yín lọ́rùn.

Ohun kan tún wà tó máa ń tan àwọn olùkọ́ gan-an jẹ. Kíláàsì kan ní ọmọ 30, ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 60. Kíláàsì kejì ní ọmọ 10, ìpíndọ́gba tiwọn jẹ́ 80. Ìpíndọ́gba gbogbo wọn kì í ṣe 70. Ẹ kọ́kọ́ dá àpapọ̀ máàkì padà, 1,800 àti 800, kí ẹ wá pín 2,600 sí 40, kí ẹ rí 65.

Ìdánrawò tó le jù, tó sì dùn jù, ni kí ẹ rìn ín láti ẹ̀yìn wá. Dípò kí ẹ gba nọ́ńbà kí ẹ wá ìdáhùn, ẹ gba ìdáhùn kí ẹ wá nọ́ńbà. Fún àpẹẹrẹ, ẹ wá nọ́ńbà odidi márùn-ún tí iye tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ 3, tí iye àárín jẹ́ 5, tí ìpíndọ́gba sì jẹ́ 6. Ìpíndọ́gba sọ pé àròpọ̀ jẹ́ 30. Iye àárín sọ pé ẹni kẹta lórí ìlà jẹ́ 5. Nígbà tí 3 kéré sí 5, tó sì gbọ́dọ̀ jẹyọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, òun ló ni ipò kìíní àti ìkejì. A ti ní 3, 3, 5, àròpọ̀ wọn jẹ́ 11. Méjì tó kù gbọ́dọ̀ pé 19, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ju 5 lọ, nítorí pé tí 5 bá tún jẹyọ, yóò bá 3 dọ́gba. Ìdáhùn mẹ́rin péré ló wà: 6 àti 13, 7 àti 12, 8 àti 11, tàbí 9 àti 10.

Tí ẹ bá ti parí ìyẹn, ẹ wá nọ́ńbà odidi mẹ́fà tí iye tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ 2, tí iye àárín jẹ́ 4, tí ìpíndọ́gba jẹ́ 5. Ìdáhùn rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, ẹni karùn-ún àti ẹni kẹfà lórí ìlà sì ni ẹ máa yí jù. Ẹ fún ẹlẹgbẹ́ yín ní ìdáhùn yín kó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ̀yin náà gba tirẹ̀.